Kọ̀ǹpútà Ṣọ́ọ̀bù: Kí Olúkúlùkù Ní Kọ́kọ́rọ́ Tirẹ̀

 

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ ọjà tí a tà àti gbèsè tí oníbàárà jẹ la mú wá. Ó ti wọ ṣọ́ọ̀bù púpọ̀ nínú wa, ó sì dára. Èyí tí kò dára ni pé páásíwọ̀ọ̀dù ẹyọ kan ṣoṣo ni ìyá ṣọ́ọ̀bù, ọmọ rẹ̀, ọmọọṣẹ́ àti ẹni tó wá bá wa dúró fún ọjọ́ méjì jọ ń lò. Àwọn kan tiẹ̀ kọ ọ́ sára ògiri! Bí owó bá wá dín, ta la ó mú? Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ọmọọṣẹ́ tó kéré jù, tí kò ní alágbàwí, ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ nàka sí. Èyí ló ń dùn wá jù.

Ṣé bí a ti ń ṣe ẹgbẹ́ nìyẹn? Akọ̀wé ń kọ, akápò ń gbowó, ọ́dítọ̀ ń yẹ ìwé wò. A kì í kó iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ẹnì kan, kì í sì í ṣe pé a pe ẹnikẹ́ni lólè. Kọ̀ǹpútà náà lè tẹ̀lé irú ètò yìí. Ní 1992, David Ferraiolo àti Richard Kuhn ní Amẹ́ríkà kọ ìwé jáde lórí ẹ̀ pé iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe ni kí a fi pín àyè fún un.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù ní orúkọ àti páásíwọ̀ọ̀dù tirẹ̀. Ẹni tó ń tajà lè kọ ohun tó tà, kó má lè pa á rẹ́. Ẹni tó ń ṣọ́ sítóò lè kọ ẹrù tó wọlé, kó má lè yí iye owó padà. Ìyá ṣọ́ọ̀bù á rí gbogbo rẹ̀. Bí ọmọọṣẹ́ bá gba òmìnira, ẹ ti orúkọ rẹ̀ pa lọ́jọ́ náà gan-an, ṣùgbọ́n ẹ má pa ohun tó ti kọ rẹ́.

Ẹ tún ṣọ́ ibi tí páásíwọ̀ọ̀dù ń sùn. Ní 1962, ní ilé-ẹ̀kọ́ MIT, wákàtí mẹ́rin lọ́sẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ kan, Allan Scherr, ní láti lo kọ̀ǹpútà. Kò tó o. Ó ní kí ẹ̀rọ tẹ fáìlì tí páásíwọ̀ọ̀dù gbogbo ènìyàn wà jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi tàwọn ẹlòmíràn wọlé. Bí ogiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Bí ẹni tó ta ètò kọ̀ǹpútà fún yín bá lè ka páásíwọ̀ọ̀dù yín sí yín létí, ẹ wá ẹlòmíràn. Ó yẹ kí wọ́n lọ́ ọ pọ̀ débi pé òun pàápàá ò ní lè kà á.

Ẹ lè ní, “Ọmọ wa ni wọ́n, a fọkàn tán wọn.” Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí a fọkàn tán ló yẹ kó ní orúkọ tirẹ̀ níbẹ̀, kí àkọsílẹ̀ lè ṣe ẹlẹ́rìí fún un lọ́jọ́ ẹjọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, kí oṣù yìí tó parí, ẹ pa ti ara ògiri yẹn rẹ́. Owó wa ò ní sọnù, a ò sì ní fi ẹ̀sùn èké kan ọmọ ọlọ́mọ.