Àìsàn Kì í Ṣe Ìsinmi

Ọ̀rọ̀ kan ń gbé mi nínú, n kò sì fẹ́ kí ó kú síbẹ̀. Àwọn agbanisíṣẹ́ kan ń da ìsinmi ọdún àti àyè àìsàn pọ̀ sójú kan. Wọn a ka iye ọjọ́ kan fún òṣìṣẹ́, wọn a ní kí ó ná an bí ó bá ti wù ú: ìbáà fi ṣe ìyàwó, ìbáà fi dùbúlẹ̀ àìsàn, owó rẹ̀ kò ní dín. Wọ́n ní òmìnira ni, kò sì ní sí ẹni tí yóò tún máa purọ́ àìsàn mọ́.

Bí ó bá ti wù ú kẹ̀? Ta ni àìsàn ń bi léèrè kí ó tó dé?

Ìsinmi ọdún jẹ́ èrè iṣẹ́ tí ènìyàn ti ṣe. Òun ni yóò yan ọjọ́ tí yóò lò ó. Àìsàn ni í yan ọjọ́ tirẹ̀. Bí a bá sọ méjèèjì sínú àpò kan, ẹni tí ara rẹ̀ le yóò fi gbogbo rẹ̀ sinmi. Ẹni tí ibà dá wó lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún yóò fi ìsinmi rẹ̀ san gbèsè ibà. Ẹni tí àrùn fònikú-fọ̀ladìde ń bá jà ńkọ́?

Nígbà tí mo lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ilé-ìwé aládàáni kan, irú ètò yìí ni wọ́n ń lò: ọjọ́ 8 lọ́dún fún ohun gbogbo. Ìyá olùkọ́ tí mo wà lábẹ́ wọn dé lọ́jọ́ Ajé kan, ojú wọn pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Apólò ni. Mo ní, “Mà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà sílé.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọjọ́ 5 ni ó kù sí àwọn lọ́wọ́, ìsìnkú bàbá àwọn ni àwọn sì pa á mọ́ fún. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọmọ 11 ni ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra ojú ní kíláàsì. Èmi náà kó o. N kò lè dá wọn lẹ́bi.

Ní ti àwọn tí ń purọ́ àìsàn, mo mọ̀ pé wọ́n wà (àwa akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá, ọwọ́ wa kò mọ́ níbẹ̀). Ṣùgbọ́n òfin ti mọ̀ nípa wọn. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ 6, ó kéré tán, fún ìsinmi lẹ́yìn oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́. Ó sì tún fi àyè sílẹ̀ lọ́tọ̀ fún àìsàn, títí dé ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún, bí dókítà tí ó ní ìwé àṣẹ bá jẹ́rìí sí i. Àdéhùn 132 tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ṣe ní 1970 náà kọ̀ ọ́ pé kí a ka ọjọ́ àìsàn mọ́ ìsinmi ọdún tí ó kéré jù tí ó tọ́ sí ènìyàn. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àdàpọ̀ yìí ti gbilẹ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ kò fi dandan lé e pé kí àwọn iléeṣẹ́ aládàáni sanwó ìsinmi tàbí ti àìsàn. Ẹni tí òfin kò fún ní nǹkan kan lè yọ̀ sí àdàpọ̀. Ilẹ̀ tí òfin rẹ̀ ti yà wọ́n sọ́tọ̀ ńkọ́?

Ibi tí ẹsẹ̀ tiwa ti ń yọ̀ ni pé òṣìṣẹ́ ọlọ́wọ́ àti akọ̀wé ni òfin náà ń dáàbò bò; ó yọ àwọn tí a gbà fún iṣẹ́ ìmọ̀ gíga sílẹ̀. Nítorí náà, ohun tí olùkọ́ ilé-ìwé aládàáni bá fọwọ́ sí ni yóò dì í mú. Láìpẹ́, ọ̀pọ̀ wa yóò mú ìwé-ẹ̀rí NCE dání tọ àwọn onílé-ìwé lọ. Owó oṣù ni a sábà máa ń kọ́kọ́ wò. Èmi, lẹ́yìn apólò yẹn, ibi tí wọ́n kọ àìsàn sí ni n ó kọ́kọ́ wá. Bí mo bá bá a nínú àpò kan náà pẹ̀lú ìsinmi, n ó béèrè ọ̀rọ̀ kí n tó fọwọ́ sí i.