Ẹ̀rọ Kan fún Iṣẹ́ Méjì
Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ilé há, tí òtútù kì í sì í jẹ́ kí aṣọ tètè gbẹ, ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí ń fọ aṣọ tí ó sì ń mú un gbẹ a máa wu ènìyàn. Lóòótọ́, kì í gba àyè púpọ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ tí ó lè mú gbẹ lẹ́ẹ̀kan kì í sábà tó èyí tí ó lè fọ̀: èyí tí ń fọ kílò 9 lè máà lè mú ju kílò 6 gbẹ. Níwọ̀n ìgbà tí aṣọ bá ń gbẹ nínú rẹ̀, kò lè fọ òmíràn. Bí ó bá sì bàjẹ́, iṣẹ́ méjèèjì dúró. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí ń dá gbé inú yàrá kan lè rà á. Ṣùgbọ́n ìdílé ọlọ́mọ púpọ̀ tí ó ní àyè, ẹ̀rọ méjì ni kí ó rà, kí ìyá má baà máa ṣọ́ aṣọ di òru.