Ẹ Má Ṣe Jẹ́ Kí Wákàtí Inú Ọkọ̀ Ṣòfò

 Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ sọ lóṣù yìí kan ẹ̀yin tí ẹ ń jí ní agogo mẹ́rin ìdájí, tí ẹ ń bu oúnjẹ sí abọ́ ọmọ, tí ẹ sì ní láti dé ibùdókọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Obìnrin tí ilé rẹ̀ wà ní Ìkòròdú, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Erékùṣù Èkó, mọ ohun tí mo ń wí. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá ṣẹlẹ̀, wákàtí méjì lè lọ kí ó tó dé ẹnu iṣẹ́, wákàtí méjì mìíràn sì lè lọ kí ó tó padà délé.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí a ti ń ṣírò owó ọjà. Wákàtí 4 lójúmọ́ fún ọjọ́ 5 jẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀. Bí a bá yọ àkókò ìsinmi kúrò, tí a ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 48 lọ́dún, ó di wákàtí 960. Ogójì ọjọ́ gbáko ni èyí, tọ̀sán-tòru. Bí ẹnìkan bá ń yọ owó nínú àpamọ́wọ́ wa lójoojúmọ́, ariwo ni a ó pa. Ṣùgbọ́n àkókò ń lọ, a kì í bi í léèrè ibi tí ó ń lọ.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a yẹ ọkọ̀ tí a ń wọ̀ wò. Ní ọdún 2008 ni ọkọ̀ BRT bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Mile 12 dé CMS, tí a sì ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún un ní ọ̀pọ̀ ibi. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò láàárín Mile 2 àti Marina. Èyí tí ó jẹ́ aláwọ̀ pupa, láti Agbádó dé Òyìngbò, tẹ̀ lé e ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá bá ọ̀nà yín mu, ẹ má ṣe fi owó rẹ̀ nìkan wé ti dáńfó. Ẹ fi àkókò rẹ̀ wé e pẹ̀lú. Ọkọ̀ tí ó dín owó díẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó jẹ wákàtí kan lé e, kò pọ́ọ́kú.

Àwọn kan rò pé kí obìnrin máa fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ ni lílo àkókò dáradára. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí ó ṣiṣẹ́ nílé, tí ó ṣiṣẹ́ níta, tí ó tún sọ ọkọ̀ di ibi iṣẹ́ kẹta, àárẹ̀ ni yóò kó wọlé. Ìdí tí a fi ń ṣètò wákàtí inú ọkọ̀ ni kí a lè wọlé pẹ̀lú ara tí ó ní okun àti ojú tí ó ní ẹ̀rín.

Nítorí náà, ìsinmi ni ó ṣíwájú. Àgbàlagbà nílò oorun wákàtí 7 ó kéré tán. Ẹni tí ó sùn ní agogo mọ́kànlá òru, tí ó jí ní agogo mẹ́rin, ti jẹ ara rẹ̀ ní gbèsè wákàtí 2. Oorun inú ọkọ̀ kò lè san gbèsè náà tán, ṣùgbọ́n ó lè dín in kù. Ẹ sùn nínú bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ yín tàbí nínú BRT bí ẹ bá rí àyè jókòó. Kí àpò wà lórí itan, kí okùn rẹ̀ sì yí ọwọ́ yín. Ẹ má ṣe sùn nínú dáńfó tí ẹ dá dúró lẹ́bàá ọ̀nà, nítorí pé àwọn ọlọ́ṣà a máa fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bojú. Inú gáréèjì ni ó sàn kí a ti wọkọ̀, pàápàá bí ilẹ̀ bá ti ṣú.

Lẹ́yìn ìsinmi ni iṣẹ́ orí. Bí orí bá ti fúyẹ́ ní òwúrọ̀, ẹ ronú sí oúnjẹ ọ̀sẹ̀ náà: ọjọ́ wo ni a ó jẹ ẹ̀wà, ọjọ́ wo ni ti àmàlà, kí ni ó kù nílé, kí ni a ó rà, èló ni ó wà lọ́wọ́? Bí ọkọ̀ bá dúró gbagidi, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Ẹni tí ó ti mọ ohun tí yóò sè kí ó tó sọ̀kalẹ̀ kì í dúró láàárín ilé ìdáná kí ó máa wo àjà. Ẹ má ṣe yọ fóònù jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ má sì ṣe tẹ nọ́ńbà àṣírí báńkì yín níbi tí ojú ẹlòmíràn wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, tàbí tí ìwé kíkà wù, ojú ìwé 5 péré ni kí ẹ máa kà lójúmọ́. Ní ọjọ́ iṣẹ́ 240, ẹ ó ti ka ojú ìwé 1,200, èyí tí í ṣe ìwé mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé 200. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, òun ni ìwé yín. Ẹ pa àlọ́ fún un, ẹ jẹ́ kí ó ka ohun tí a kọ sára pátákó ojú ọ̀nà, kí ó sì ṣe ìsọdipúpọ̀ sí yín létí.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó jẹ mọ́ ìlera. Ọ̀pọ̀ ìyá ni ó ń ra ẹja tútù nítòsí ibi iṣẹ́, tí wọ́n sì ń gbé e sínú ọ̀rá lábẹ́ ìjókòó ọkọ̀. Ẹja tàbí ẹran tútù kò gbọdọ̀ ju wákàtí 2 lọ láìsí nínú yìnyín; bí ooru bá ju ìwọ̀n 32 ti Celsius lọ, wákàtí 1 ni òpin rẹ̀. Májèlé tí ń wà nínú ẹja títùsì tí ó ti ń bàjẹ́ kì í kú sínú iná, bí ó ti wù kí a sè é tó. Nítorí náà, ẹ ra gàárì, edé gbígbẹ àti irú ohun bẹ́ẹ̀ lọ́nà jíjìn. Ẹja àti ẹ̀fọ́, ẹ rà wọ́n nítòsí ilé.

Ní ìparí, ẹ ya ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó kẹ́yìn ìrìn àjò àṣálẹ́ sọ́tọ̀. Ẹ má ṣe kàwé, ẹ má ṣe ṣírò owó. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá yín àti èébú kọ̀ndọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ sínú ọkọ̀. Ojú oorun ni ẹ fi ọmọ sílẹ̀ sí ní ìdájí. Láti ìgbà náà ni kò ti gbọ́ ohùn yín. Bí ó bá sáré wá wí pé, “Màámi, ẹ káàbọ̀,” tí a sì fi igbe dá a lóhùn nítorí abọ́ tí a kò fọ̀, ohun tí yóò gbé lọ sùn nìyẹn. Kí abọ́ náà dúró díẹ̀. Ẹ gbá ọmọ mọ́ra ná. Ẹ sì bá baálé yín sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́ pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ délé ni kí ó gbé omi kaná. Kò sí àbùkù níbẹ̀.

Iṣẹ́ ilé tí mo fún yín lóṣù yìí kò pọ̀. Fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kọ ohun tí ẹ fi wákàtí inú ọkọ̀ ṣe lójoojúmọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ohun kan ṣoṣo tí ẹ ó yí padà.

Ó di oṣù tí ń bọ̀. Ẹ máa rìn ire o.