Ẹni Tí Yóò Wádìí Òfin Ìbílẹ̀, Ṣé Ó Gbọ́ Èdè?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ òfin kì í ṣe ohun tí a ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ní Nàìjíríà, ẹni tí ó bá ń lépa rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ gba oyè kìn-ín-ní, kí ó sì gba oyè kejì pẹ̀lú máàkì tí ó dára, kí ó tó nawọ́ sí ẹ̀kẹta. Ìwé tí ó sọ ọ́ di lọ́yà kò lè dípò oyè kejì náà, bí ó ti wù kí wíìgì rẹ̀ mọ́ tó. Lẹ́yìn èyí ni yóò kọ ohun tí ó fẹ́ wádìí sílẹ̀, tí yóò wá olùkọ́ tí yóò tọ́ ọ sọ́nà, tí yóò sì fi bí ọdún mẹ́ta jókòó ti ìwé. Ní Oxford, ìwé àbọ̀ ìwádìí òfin a máa tó 75,000 ọ̀rọ̀ sí 100,000. Wọn a sì béèrè ẹ̀rí pé àjèjì tí ń bọ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yékéyéké.

N kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Èyí tí wọn kì í béèrè ni ó ń kọ mí lóminú. Bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ kọ̀wé lórí ogún pínpín láàárín Yorùbá, tàbí Akan, tàbí Fọ̀n, ta ní ń bi í bóyá ó gbọ́ èdè wọn? N kò tíì rí ìbéèrè náà nínú ìwé ìgbaniwọlé kankan tí mo kà.

Ẹ wo ẹjọ́ Dawodu àti Danmole. Ọkùnrin kan kú ní Èkó, ó fi aya mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Bí a bá fi ìdí-igi pín ogún rẹ̀, yóò di ọ̀nà mẹ́rin. Bí a bá pín in ní orí-kọ̀-ọ̀-kan, yóò di mẹ́sàn-án. Adájọ́ àkọ́kọ́ fara mọ́ mẹ́sàn-án. Ilé Ẹjọ́ Àgbà yí i padà ní 1958, àwọn adájọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù sì ti ìdí-igi lẹ́yìn ní 1962. Nínú ìwé ìdájọ́, “Ori-Ojori” ni wọ́n kọ fún ọ̀nà kejì, láìsí àmì ohùn kan lórí rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè kà á bí orúkọ ìlú!

Ògbufọ̀ ńkọ́? Àgbà lè wí pé, “A máa ń ṣe bẹ́ẹ̀,” kí ògbufọ̀ sọ ọ́ di, “A gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀.” Bẹ́ẹ̀ ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì ni akẹ́kọ̀ọ́ náà torí rẹ̀ wá.

Àwọn kan yóò ní Taslim Elias, ẹni tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé òfin ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1949, kọ̀wé lórí òfin ìbílẹ̀ Áfíríkà ní 1956, kò sì lè gbọ́ gbogbo èdè Áfíríkà tán. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń fi ìwé wé ìwé yàtọ̀ sí ẹni tí ó ní òun jókòó ti àwọn àgbà abúlé kan, òun sì gbọ́ ọ lẹ́nu wọn.

Ohun tí mo fẹ́ kò ju ìdánwò ẹnu wákàtí kan lọ, níwájú àgbà méjì tí ó ni èdè náà. Ẹni tí kò bá yege, kí wọ́n má lé e. Kí wọ́n fún un ní ọdún kan kí ó lọ kọ́ èdè. Àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ níhìn-ín tó o kọ́.