Ọmọ Tó Ń Béèrè Ìdí

Ní ojú ìwé yìí, àwọn ọmọ ni a sábà máa ń bá wí. Lónìí, bàbá ni a ó bá wí, èmi gan-an sì ni bàbá náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà ìsinmi àwọn ọmọ ilé ìwé, mo wọ yàrá ọmọkùnrin mi kejì láti wá àtùpà. Abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ni mo ti rí ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbó. Àwòrán ẹ̀dá kan wà lára rẹ̀ tó gùn bí ọ̀kùn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lóǹkà. Àyà mi já. Mo pè é, mo ní, "Délé, kí lèyí?"

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìwé ìtàn sáyẹ́ǹsì ni. Ọ̀rẹ́ mi ló yá mi."

Mo ní, "Sáyẹ́ǹsì wo ló ń jẹ́ ọ̀kùn tó ń wa ọkọ̀ ojú omi? O kò gbọdọ̀ kà á mọ́."

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá rọra béèrè pé, "Bàbá mi, kí ni ìwé náà ṣe?" Ìbéèrè yẹn bí mi nínú ju ìwé náà lọ. Mo ní ohun tí mo bá ti sọ, mo ti sọ ọ́. Mo gba ìwé náà, mo sì pinnu pé bí ilẹ̀ bá mọ́, ibi tí a ti ń sun ìdọ̀tí ni yóò bá lọ.

Ní alẹ́, ìyàwó mi bi mí pé, "Bàbá Bísí, ṣé ẹ ti ka ìwé náà?" Mo ní rárá. Ó ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀yin kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnì kankan." Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Mo tan àtùpà, mo jókòó ti ìwé náà. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi kà á tán.

Orúkọ tó wà lára rẹ̀ ni Hal Clement, ṣùgbọ́n orúkọ òǹkọ̀wé náà gan-an ni Harry Clement Stubbs. Ọmọ ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà ni, ọdún 1922 ni wọ́n bí i. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìràwọ̀ ní Yunifásítì Harvard, ó wa ọkọ̀ òfuurufú ajubọ́ǹbù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, lẹ́yìn náà ó di olùkọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Milton Academy. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ ni ó ń kọ ìwé ìtàn. Ó kú ní ọdún 2003.

Àròsọ ni ìtàn rẹ̀, ṣùgbọ́n àròsọ tó wà lábẹ́ òfin ni. Òǹkọ̀wé irú ìtàn yìí lè mú wa lọ sí ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò tẹ̀ rí, ṣùgbọ́n bí a bá dé ibẹ̀, iná gbọ́dọ̀ ṣe bí iná, òkúta tí a bá sọ sókè gbọ́dọ̀ bọ̀ wálẹ̀ bí ìṣirò ṣe wí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe ọfọ̀ kí ilẹ̀ lanu. Gbogbo ohun àrà tó bá ṣẹlẹ̀ ló ní ìdí, a sì lè tọ ìdí náà dé gbòǹgbò.

Ìwé tí mo gbà lọ́wọ́ ọmọ mi ni Mission of Gravity. Ó kọ́kọ́ jáde ní apá-apá nínú ìwé ìròyìn Astounding Science Fiction ní ọdún 1953, ó sì di odidi ìwé ní ọdún 1954. Inú ayé kan tó ń jẹ́ Mesklin ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ayé náà wúwo lọ́pọ̀lọpọ̀ ju tiwa lọ, ó sì ń yí bí òkòtó. Ayé tiwa ń lo wákàtí 24 kí ó tó yí po lẹ́ẹ̀kan. Mesklin kì í lò tó ìṣẹ́jú 18.

Ẹni tó bá ti fi okùn so korobá omi, tó sì fì í yípo rí, yóò mọ ohun tí yíyí lè ṣe. Bí ó ti ń yí ni ó ń fẹ́ sá kúrò lọ́wọ́ ẹni, bí okùn bá sì já, ó di ọ̀nà jíjìn. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní agbedeméjì Mesklin. Òòfà, èyíinì ni agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan mọ́ra, tí ó ń mú kí máńgòrò já bọ́ sílẹ̀, ń fa ènìyàn wálẹ̀. Yíyí ayé náà sì ń fẹ́ jù ú sókè. Nítorí náà, òòfà tí ẹni tó dúró níbẹ̀ ń mọ̀ lára kò ju ìlọ́po 3 ti ayé wa lọ. Ṣùgbọ́n ní ìpẹ̀kun àríwá àti gúúsù, níbi tí yíyí kò ti ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 700. Ọkùnrin tó wọn kílò 70 nílé yóò wúwo níbẹ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì 980. Yíyí yìí kan náà ni kò jẹ́ kí Mesklin rí róbótó bí ọsàn. Ó fẹ̀ lágbedeméjì, ó sì tẹ́ lókè àti nísàlẹ̀, bí àkàrà. Otútù ibẹ̀ sì pọ̀ débi pé gáàsì methane, irú èyí tó ń jáde láti inú ìdọ̀tí tó ń jẹrà, ti di omi òkun.

Orí òkun yìí ni Barlennan, ẹni tí mo pè ní ọ̀kùn, ti ń ṣòwò. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ni, kò sì fi bẹ́ẹ̀ gùn ju rúlà ọmọ ilé ìwé lọ. Ìtòsí ìpẹ̀kun ni wọ́n bí i sí, níbi tí ẹni tó bá ṣubú láti ibi tí kò ga ju ìdajì rúlà lọ ti dẹni ikú. Abájọ tí àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ń bẹ̀rù ibi gíga ju ohunkóhun lọ. Wọn kì í fò, wọn kì í ju nǹkan, wọn kò sì fẹ́ kí ohun tó wúwo wà lókè orí wọn. Nígbà tí Charles Lackland, ará ayé wa tó bá a pàdé ní agbedeméjì, gbé e ka orí ọkọ̀ onírin rẹ̀, ìpayà fẹ́rẹ̀ẹ́ ya Barlennan ní wèrè. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó ronú pé níbi tí nǹkan kò ti wúwo, ìṣubú díẹ̀ kò lè pa òun. Nígbà tí ó mọ ìdí ni ìbẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sílẹ̀.

Àwọn ará ayé nílò rẹ̀ gidigidi. Wọ́n ti rán rọ́kẹ́ẹ̀tì kan lọ sí ìpẹ̀kun Mesklin pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ ìwádìí olówó gọbọi, rọ́kẹ́ẹ̀tì náà sì kọ̀, kò gbéra mọ́. Kò sí ènìyàn tó lè dé ibẹ̀ láàyè. Barlennan gbà láti lọ. Wọ́n fún un ní rédíò tí wọn yóò máa fi bá a sọ̀rọ̀, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ já òkun àti odò, ó la ewu kọjá. Ní gbogbo ìrìn àjò náà, bí ó bá ti béèrè bí ẹ̀rọ kan ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n á ní ó ti le jù fún un láti lóye.

Nígbà tí ó dé ìdí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ni ó tú ohun tó wà nínú rẹ̀ síta. Ó ní òun kò ní ṣe iṣẹ́ tí wọ́n bẹ òun sí, àfi bí wọ́n bá gbà láti kọ́ òun ní ìmọ̀ wọn. Kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó fẹ́ kí wọ́n fún òun. Ìdí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ ni ó ń béèrè. Wọ́n sọ fún un pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni yóò ti kọ́ ọ, yóò sì pẹ́. Ó gbà. Nígbà tí ìwé náà parí, ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ti di ohun tó ń fi afẹ́fẹ́ gbígbóná léfòó lójú ọ̀run, àwọn tó ń bẹ̀rù ibi gíga tẹ́lẹ̀ sì wà nínú rẹ̀.

Mo pa ìwé dé. Ohùn ọmọ mi ni mo ń gbọ́ létí: "Bàbá mi, kí ni ìwé náà ṣe?"

Mo wá àwọn ìwé rẹ̀ mìíràn kà. Nínú Iceworld, tó jáde ní ọdún 1953, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan láti inú ayé tó gbóná janjan ń ran àwọn ọlọ́pàá wọn lọ́wọ́ láti tọpasẹ̀ oògùn olóró kan. Ayé yìnyín kan báyìí ni oògùn náà ti ń wá. Ayé yìnyín náà, ayé tiwa ni. Oògùn náà, tábà ni! Bàbá tó ń mu sìgá níwájú àwọn ọmọ rẹ̀ yẹ kó ka ìwé yẹn.

Ṣé òǹkọ̀wé yìí kì í ṣe àṣìṣe ni? Ó ń ṣe é. Ní ọdún 1943, wọ́n kéde pé ohun ńlá kan tí ojú kò rí ń yí ìràwọ̀ 61 Cygni ká, orí ìkéde yìí ni Clement sì gbé Mesklin kà. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e kò fìdí ìkéde náà múlẹ̀. Nígbà tí àwọn mìíràn tún ìṣirò rẹ̀ ṣe, wọ́n rí i pé òòfà ìpẹ̀kun Mesklin kò lè pọ̀ tó bí ìwé ṣe wí. Ṣùgbọ́n ṣe ni ó ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún wọn. Nínú àpilẹ̀kọ kan ní ọdún 1953, ó to ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn òǹkàwé, ó sì sọ pé eré ni ìtàn báyìí jẹ́ láàárín àwọn méjèèjì: kí òǹkọ̀wé sapá kó má ṣì í, kí òǹkàwé sì sapá láti rí ibi tó ti ṣì í. Ẹni tó bá sọ ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti gbà kí a tọ́ òun sọ́nà.

N kò sọ pé ìwé rẹ̀ pé tán. Ẹni tó bá ń wá ìtàn ìfẹ́ tàbí omijé kò ní rí i níbẹ̀. Obìnrin kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú rẹ̀, àlàyé sì máa ń gùn. Òyìnbó rẹ̀ náà lè ṣòro fún ọmọ kékeré. Ṣùgbọ́n nínú èyí tí mo fẹ́ sun níná, n kò rí ọ̀rọ̀ èérí kan, n kò sì rí oògùn tàbí àfọ̀ṣẹ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo pe Délé, mo dá ìwé rẹ̀ padà fún un, mo sì sọ pé, "Ọmọ mi, má bínú. O béèrè ìdí, n kò ní ọ̀kan láti fún ọ." Ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, òun àti èmi so okùn mọ́ korobá omi lẹ́yìnkùlé, ó ní kí n fì í. Ó fi yé mi pé bí mo bá dẹwọ́, omi á dà. Mo dẹwọ́ lóòótọ́, omi sì dà lé mi lórí. Láti ọjọ́ náà, ọmọ yìí kì í fi ìwé pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí mọ́. Ó ń gbé e wá bá mi.

Ẹ̀yin òbí, ó tọ́ kí a mọ ohun tí àwọn ọmọ wa ń kà, kí a sì kọ èyí tí kò dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kà á ná. Bí a bá sì ní kí wọ́n má kà á, ẹ jẹ́ kí a sọ ìdí. Ọmọ tí a fún ní àṣẹ láìsọ ìdí yóò pa á mọ́ níwọ̀n ìgbà tí a bá wà níbẹ̀. Èyí tó mọ ìdí yóò gbé e lọ sí ibikíbi tó bá ń lọ.