Ta Ló Ní Dandan Ni Kí Orúnkún Jìyà?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ẹ̀kọ́ kan ti gbilẹ̀ láàárín wa pé ẹni tí ẹsẹ̀ bá ń dùn nígbà àṣàrò, ẹ̀mí rẹ̀ ni kò lágbára. Bí o bá na ẹsẹ̀, o ti ṣubú. Bí o bá fẹ̀yìn ti ògiri, èṣù ló tì ọ́. Irọ́ ni o! Irọ́ tó sì léwu ni.

Níbi ìṣọ́ òru kan tí mo lọ, wọ́n ní kí gbogbo wa kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì lásán fún wákàtí kan gbáko, láìsọ̀rọ̀, láìmira. Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ SS wà nínú wa. Nígbà tó fẹ́ dìde, bùrọ̀dá tó ń darí wa ní, "Sister, ẹ má jẹ́ kí ẹran ara borí yín." Ló bá tún kúnlẹ̀. Òtútù, àárẹ̀ àti àìmu omi tó wà lára ohun tó ń dá ìrora sílẹ̀ fún ọmọ SS. Bùrọ̀dá yìí kan náà ń ka bàọ́lọ́jì o!

Kí ló tiẹ̀ ń ṣe ẹsẹ̀ tó fi ń kú? Bí a bá ká ẹsẹ̀ pẹ́, a ń tẹ iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ á kú, nígbà tó bá sì ń jí, á dà bíi pé eèrà ń rìn nínú rẹ̀. Kò sí ẹ̀mí àìmọ́ kankan níbẹ̀. Na ẹsẹ̀, dúró díẹ̀ kí o tó dìde, kí o má baà ṣubú. Ẹni tó ń ká ẹsẹ̀ jókòó, kó ká aṣọ tàbí bùláńkẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ìdí, kí ìdí ga ju orúnkún lọ. Orúnkún kò fẹ́ kí a lọ́ ọ; ìbàdí ló yẹ kó yí.

Wọ́n á ní ìrora ń kọ́ni ní sùúrù. Mo gbà, dé ìwọ̀n kan. Bí imú bá ń yún ọ, tàbí ara kàn ń sọ pé "ó tó, jẹ́ ká lọ jẹun", má dá a lóhùn kíákíá. Wò ó, á kọjá. Ṣùgbọ́n ìrora tó ń gún orúnkún bí abẹ́rẹ́ kì í ṣe olùkọ́. Ara ló ń ké.

Ta tiẹ̀ ni wọ́n ń fara wé? Bíbélì ní Dáfídì jókòó níwájú Olúwa. Ó tún ń ṣe àṣàrò lórí ibùsùn rẹ̀. Èlíjà sùn, áńgẹ́lì fún un lóúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì, kó tó dé orí òkè tó ti gbọ́ ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ mọ hádíìsì Imran ọmọ Husayn, tí jẹ̀díjẹ̀dí ń dà láàmú. Ànábì ní kó kírun lórí ìdúró. Bí kò bá lè ṣe é, kó jókòó. Bí kò bá lè jókòó, kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní Jàpáàn, tí àṣàrò jẹ́ iṣẹ́ wọn, orí ìrọ̀rí tó ki ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n sì ń dìde rìn jẹ́ẹ́jẹ́ kí wọ́n tó tún jókòó.

Ẹ má tiẹ̀ lọ jìnnà. Ẹ wọkọ̀ ní oríta Àjàṣẹ́-Ìpo níbí, ẹ gba ọ̀nà Ọ̀mù-Àrán, ẹ yà sí Èsìẹ́. Ère òkúta tó wà ní míúsíọ̀mù ibẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1945, lé ní 1,000. Púpọ̀ nínú wọn ló jókòó lórí àpótí. Òkúta o, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kú! Ẹni tó gbẹ́ ẹ ṣì fún un ní ìjókòó.

Ní ìṣọ́ òru tó ń bọ̀, èmi á gbé ìrọ̀rí mi dání. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó bú mi. Kí àwọn aṣáájú wa gbé àga síwájú, kì í ṣe ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, kí wọ́n sì kéde kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀ pé ẹni tó bá wù lè jókòó síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà máa ṣàlàyé àìsàn rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn.