Àgbàrá Kọ́ Là Ń Pè Lẹ́jọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa dá ẹjọ́ yìí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ òjò kúrò nínú rẹ̀. Òjò ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Òkè Ìdóàní, nítòsí Ọ̀wọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, náà ò jẹ̀bi: àpáta ni, àpáta kì í sì í mu omi, èyí tó bá bà lé e lórí, ìsàlẹ̀ ló ń wá lọ wéré. Ojú títì nìkan sì kọ́ ni omi ìlú olókè ti ń wá. Láti orí òkè títí dé odò Ọ̀sẹ̀ ni ètò rẹ̀ yẹ kó dé. Àwọn tó gba agbára láti là á lọ́nà, tí wọn ò là á, ni mo kó wá: káńsù, ìjọba ìpínlẹ̀, àti ti Àbújá.

Ẹ̀sùn kìíní ni kíkọ iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ ṣí Àtẹ Kẹrin nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999. Títì, gọ́tà àti kíkó ìdọ̀tí wà níbẹ̀ gbangba lára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ọdún gbọọrọ ni àwọn alága fi sọ pé gómìnà ló di owó mú. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó káńsù máa lọ sọ́wọ́ káńsù tààrà. Àwáwí ọjọ́ pípẹ́ kú lọ́jọ́ náà. Wọ́n gba oyè alága, wọ́n kọ iṣẹ́ alága.

Ẹ̀sùn kejì ni gọ́tà tí kò lọ síbì kankan. Mi ò ní dárúkọ àdúgbò. Kálukú yín mọ tirẹ̀. Kọngílá bẹ̀rẹ̀ gọ́tà níwájú ilé ẹni ńlá, ó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ dáadáa, ó dé ẹ̀yìn ilé opó kan, owó tán, ó kó ṣọ́bìrì rẹ̀ lọ. Ẹnu gọ́tà náà kọjú sí ògiri ilé ìdáná ìyá yẹn. Níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó yẹ kí wọ́n gé ìdí rẹ̀ ní àtẹ̀gùn àtẹ̀gùn kí ipá omi lè máa dínkù. Wọ́n là á ní tààrà, omi ń sáré, ó ń gbẹ́ abẹ́ sìmẹ́ǹtì títí ó fi dá. Níbi tó tẹ́jú, iyanrìn tó wọ́ látòkè á sùn síbẹ̀, ọ̀rá píọ̀-wọ́tà á wá bá a, oníṣọ́ọ̀bù á gbé pákó lé gbogbo rẹ̀, ó di òjò oṣù Òkúdù kí ẹnikẹ́ni tó rántí rẹ̀. (Orúkọ alága tó ṣe é kì í parẹ́ lára ògiri, ọ̀dà ibẹ̀ dára.) Ẹnjiníà tó mọṣẹ́ a máa kọ́kọ́ wá ibi tí omi máa já sí, á wọn bí òkè tó ń da omi sí i ṣe tóbi tó àti iye òjò tó lè rọ̀ ní wákàtí kan, kó tó sọ pé kí gọ́tà fẹ̀ báyìí. Ti àwọn wọ̀nyí, iye owó ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ. Ohun tí wọ́n san owó fún ni gbígbé àgbàrá kúrò níwájú ilé olówó lọ sẹ́yìn ilé tálákà.

Ẹ̀sùn kẹta ni ti ilẹ̀ etídò. Òfin ètò ìlú ti 1992 sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ. Àwọn ilé tó jókòó sójú ọ̀nà omi wá ńkọ́? Yálà ìjọba fún wọn níwèé, tàbí ìjọba sùn nígbà tí wọ́n ń to búlọ́ọ̀kù. Kí wọ́n mú ọ̀kan jẹ́wọ́. Àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Níhìn-ín, ẹni tó yẹ kó bá onílé kọ̀ ló jẹ́ kó kọ́lé síbẹ̀, tó sì tún wá fi ọ̀dà pupa sàmì sí ògiri tó kù.

Ẹ̀sùn kẹrin kò gùn. Àwọn kan gé igi orí òkè, ìjọba wo ibòmíràn. Ní Freetown, olú-ìlú Sierra Leone, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ 2017, lẹ́yìn òjò ńlá, apá kan òkè Sugar Loaf tí wọ́n ti gé igi rẹ̀ tí wọ́n sì kọ́lé sí wó lu àdúgbò Regent. Àwọn tó kú àti àwọn tí wọn ò rí mọ́ lé ní 1,000. Ẹni tó gbọ́ èyí tí kò fi gbin igi kan, ẹ má pè é ní aláìmọ̀.

Ẹ̀sùn karùn-ún ló wúwo jù: wọ́n mọ̀. Odò Ògùnpa kún ní Ìbàdàn ní 1963 àti 1978. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, ó gbé ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni òfin dá Ecological Fund sílẹ̀, owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú èyí gan-an. Wọ́n wá rọ kọnkéré sí Ògùnpa, wọ́n sì fi àwọn odò yòókù sílẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, òjò tó lé ní mìlímítà 180 rọ̀ láàárín wákàtí mélòó kan. Àwọn odò yòókù náà sì dáhùn. Afárá Apẹ́tẹ́ lọ, ibi ọ̀sìn ẹja Yunifásítì Ìbàdàn lọ, ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún tún lọ. Ó di 2014 kí Báńkì Àgbáyé tó fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe, owó yíyá ni o. Ní 2022, omíyalé pa ènìyàn tó lé ní 600 káàkiri Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ìkìlọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ti jáde ṣáájú. Wọ́n rí òkú lẹ́ẹ̀mejì nínú ìlú kan ṣoṣo, wọ́n ṣì ń dúró de ẹ̀kẹta nílùú tiwọn.

Ọ̀wọ̀ kéré sí Ìbàdàn, Ìdóàní sì kéré sí Ọ̀wọ̀. Owó tó máa tún ìlú méjèèjì yìí ṣe kò tó ti Ìbàdàn, ilẹ̀ etídò tí wọn ò tíì kọ́lé sí ṣì wà, ìdí nìyẹn tí mo fi ní ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn wúwo ju ti Ìbàdàn ayé ìjọsí. Ẹ béèrè àwòrán kan ṣoṣo lọ́wọ́ wọn: ilẹ̀ ìlú, láti orí òkè dé odò, pẹ̀lú ọ̀nà tí omi ń gbà lójú rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ó wà, kí wọ́n gbé e síwájú yín báyìí.